“Ó fún mi lọ́rùn” ló sọ, “ó dì í mú” ni wọ́n kọ

Gbólóhùn mẹ́ta ni obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ fún lọ́rùn sọ fún ọlọ́pàá lóru ọjọ́ náà. Ó ní, “Ó fún mi lọ́rùn. Ojú mi ṣókùnkùn. Igbe ọmọ mi ni mo gbọ́ tí mo fi mọ̀ pé mi ò tíì kú.” Nígbà tí a máa fi rí ìwé tí ọlọ́pàá kọ lórí ọ̀rọ̀ náà gbà lọ́wọ́ wọn, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé tọkọtaya kan ní èdèkòyédè, pé ọkọ di ìyàwó mú lọ́rùn, pé kò sí ọgbẹ́ lára ẹnikẹ́ni, pé wọ́n gba àwọn méjèèjì nímọ̀ràn. Orí ìdúró ni mo ti kà á, mo sì tún un kà. Mi ò rí ibi tí mo lè nàka sí pé irọ́ pátápátá nìyí, síbẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn obìnrin lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá àti kóòtù. Mi ò kì í ṣe lọ́yà. Màá jókòó tì wọ́n, màá kọ orúkọ àti nọ́ńbà sílẹ̀, màá sì rán wọn létí ohun tí ìbẹ̀rù bá gbà kúrò lọ́kàn wọn. Obìnrin yìí gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta, pẹ̀lú àdéhùn pé mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò ní dárúkọ ìlú, mi ò sì ní sọ àgọ́ ọlọ́pàá tó jẹ́. Àbúrò ni mo ń pè é, òun náà ń pè mí ní àǹtí, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe máa pè é níbí. Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé téèyàn bá ti pe ọlọ́pàá, ìwé ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Ìwé lè má sí rárá. Ó sì lè wà, kó má gbé ọ̀rọ̀ ẹni.

Òru Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè ni. Ó ti ń lọ sí ọdún kẹrin tí ọkọ rẹ̀ ti ń nà án, kò sì pe ẹnikẹ́ni rí. Lóru yẹn, bó ṣe jí sáyé lórí ilẹ̀, fóònù ọkọ rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà. Ó gbé e, ó wọ́ ara rẹ̀ dé ilé ìwẹ̀, ó fa ọmọ wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Kò mọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí ọkọ fi ti fóònù náà, ṣùgbọ́n fóònù tó wà ní títì náà máa ń gbà kéèyàn pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ èyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sọ́kàn. Ẹni tó gbé ìpè náà béèrè ibi tó wà. Ó dáhùn, ohùn rẹ̀ ti há, ọmọ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ sì ń lu ìlẹ̀kùn. A ṣì máa padà sórí ohùn yẹn.

Ọlọ́pàá méjì ló dé. Ọkọ ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó ti pààrọ̀ ẹ̀wù, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì já gaara. Àbúrò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níwọ̀nba, ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ náà kò sí èdè tó dúró sí i lẹ́nu àfi Yorùbá. Ta wá ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀? Ọkọ náà ni. Ọlọ́pàá á béèrè, ọkọ á yí i sí Yorùbá, àbúrò á dáhùn, ọkọ á tún yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ tó fún un lọ́rùn ló tún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, inú ṣì máa ń bí mi tí mo bá rántí.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ní àṣẹ àpapọ̀ kan láti 2012 lórí ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n ṣe lọ́ṣẹ́. Ó ní kí ẹni tí kò gbọ́ èdè ibẹ̀ lè fi èdè tó yé e fẹjọ́ sùn, tàbí kí wọ́n wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n sì fún un ní ìwé tó fi hàn pé ó ti fẹjọ́ sùn. Kì í ṣe gbogbo ibi ló kọ ọ́ sínú òfin bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbikíbi téèyàn bá wà, ó lè sọ pé, “Ẹ má fi ọkọ mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi, ẹ wá ẹlòmíràn.” Tí wọn ò bá rí ẹnikẹ́ni lóru, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó béèrè.

Kí wọ́n tó lọ, ọ̀kan nínú wọn fún un ní káàdì kékeré kan tó fi báírò kọ nọ́ńbà sí lẹ́yìn. Ó fi pamọ́ sábẹ́ ìtẹ́lẹ̀ bàtà ọmọ rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì. Nígbà tó yọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ Túsìdé, káàdì náà ti tẹ̀ kọdọrọ bíi gìgísẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún, òógùn sì ti jẹ nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn. Àfìgbà tí mo gbé e síwájú iná, tí mo wá ojú ibi tí báírò ti tẹ bébà wọnú, kí n tó rí wọn kà.

Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó má tíì sọ nǹkan kan, ilé ìwòsàn ló kàn. Ó ní, “Àǹtí, ṣebí ẹ̀jẹ̀ ò jáde.” Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tó ti kẹ̀, ó sì ń fi ìrora gbé itọ́ mì. Ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn lè dìde kó máa rìn, kó máa dáná, kí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ sì ti ya nínú, kí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹjọ́ ọrùn-fífún 300 wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001. Nínú ìdajì ẹjọ́ wọ̀nyẹn, ọlọ́pàá kò rí àmì kankan lójú. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2008, ní Amẹ́ríkà bákan náà, fi hàn pé obìnrin tí ọkùnrin rẹ̀ bá ti fún lọ́rùn rí, ewu pé ọwọ́ ọkùnrin náà ni yóò kú sí ju ìlọ́po méje ti àwọn mìíràn tí wọ́n ń lù nínú ilé lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, “fún”, fi tó ohun tí a lè torí rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀mẹfà.

Dókítà fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ó rí àwọn àmì pupa wínníwínní, bí ẹni fi orí abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ó bi í léèrè bóyá ó tọ̀ sára. Àbúrò wo ilẹ̀. Ó tọ̀ sára lóòótọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí ojú ń tì í. Dókítà ṣàlàyé fún un pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn títí ó fi dákú, kì í ṣe ohun ìtìjú, ẹ̀rí ni. Ó kọ gbogbo rẹ̀. Mo bẹ dókítà pé kó kọ ẹni tó ṣe é àti ohun tó fi ṣe é bí aláìsàn ṣe sọ ọ́, ó sì kọ ọ́ pé ọkọ ni, pé ọwọ́ méjèèjì ló fi fún un. Ìwé ilé ìwòsàn tó sọ pé “ọrùn ń dùn ún” nìkan kò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní kóòtù.

A ya fọ́tò lọ́jọ́ yẹn, a tún yà á lọ́jọ́ kejì. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n kì í tètè hàn, ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì lábẹ́ awọ sì máa ń ṣókùnkùn sí i bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé ni ojú ìka mẹ́ta yọ lẹ́yìn etí rẹ̀ ọ̀tún. A dúró sẹ́nu fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lè bà á, a ya èyí tó gbé gbogbo ojú rẹ̀, a ya èyí tó sún mọ́ ọn, a sì fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn kí ìwọ̀n rẹ̀ lè hàn.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé ni a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Akọ̀wé tó wà ní kọ̀ǹtá tẹ nọ́ńbà náà sínú kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ó ní, “Kò sí ìwé lórí èyí.” Àbúrò ti ń dìde láti máa lọ. Mo fà á lápá.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń padà sílé. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún un jẹ́ nọ́ńbà ìpè. Gbogbo ìgbà téèyàn bá pe nọ́ńbà pàjáwìrì, ẹ̀rọ á kọ aago tó pè, ibi tó ti pè, àwọn tí wọ́n rán lọ àti ìgbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìròyìn ọlọ́pàá. Ìròyìn ni èyí tí ọlọ́pàá tó wá sílé jókòó kọ, tó sọ ohun tó rí àti ohun tí wọ́n wí fún un, nọ́ńbà tirẹ̀ sì lọ́tọ̀. Tí ọlọ́pàá bá fi ojú ìjà ọkọ àti ìyàwó lásán wo ọ̀rọ̀, ó lè pa ìpè náà dé pé ó ti parí, kó má kọ ìròyìn kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Akọ̀wé yẹn ò purọ́ fún wa, ìwé ò sí lóòótọ́.

Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ rí ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́. A fẹ́ kí wọ́n kọ ìròyìn sórí ìpè yìí.” A dúró fún wákàtí méjì ó dín díẹ̀. Ọ̀gá náà jáde, kò kanra rárá, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Mo fún un ní nọ́ńbà ìpè, ọjọ́, aago, àdírẹ́sì, àti ìwé dókítà. Ó ka ìwé dókítà náà, ó dákẹ́, ó tún un kà. Ó ní òun máa rán ọlọ́pàá tó lọ síbẹ̀ níṣẹ́ pé kó kọ ọ́, àti pé ìsinmi ló wà títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo béèrè orúkọ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn méjèèjì, mo kọ wọ́n sílẹ̀ níṣojú rẹ̀. Kí ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ níṣojú wọn, láì fi ìjà sí i. Ẹni tó bá mọ̀ pé orúkọ òun wà nínú ìwé yín kì í tètè gbàgbé ọ̀rọ̀ yín.

Ọjọ́ kẹtàlá lẹ́yìn tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣẹlẹ̀ ni wọ́n kọ ìròyìn. Ọlọ́pàá tó bá kọ nǹkan lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàlá, ìrántí rẹ̀ ló ń kọ, ìrántí tirẹ̀ sì jẹ́ ti ọkùnrin kan tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó dán sọ̀rọ̀ àti obìnrin kan tó ń gbọ̀n. Ẹ máa wo ọjọ́ méjì lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀: ọjọ́ tí ohun náà ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́.

Láti gba ẹ̀dà, fọ́ọ̀mù wà láti kọ. Fọ́ọ̀mù béèrè ìwé ìdánimọ̀, ọkọ sì ti kó gbogbo ìwé rẹ̀ pamọ́. Àwọn tó bá ń fìyà jẹ ìyàwó sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kó dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. A gbé káàdì ilé ìwòsàn tó ní fọ́tò rẹ̀ lọ, mo sì kọ lẹ́tà tì í pé mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbà á. Níbòmíràn, wọ́n lè ní kó lọ búra ní kóòtù. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi wọ́n ni pé, “Kí ni ẹ lè gbà dípò rẹ̀?”, nítorí “kò sí” ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ.

Fọ́ọ̀mù tún béèrè ibi tí wọ́n máa fi ìwé ránṣẹ́ sí. Àbúrò ti kọ àdírẹ́sì ilé lọ dé ìdajì kó tó dá ọwọ́ dúró. Ó wò mí. Àwa méjèèjì mọ ẹni tó máa ń ṣí lẹ́tà nínú ilé yẹn. A gba fọ́ọ̀mù tuntun, a kọ àdírẹ́sì ọ́fíìsì wa sí i, a kọ nọ́ńbà fóònù mi, a sì ṣí í-meèlì tuntun fún un lórí kọ̀ǹpútà tiwa, kì í ṣe lórí fóònù rẹ̀. Mo tún bi akọ̀wé bóyá ọkọ náà lè gba ẹ̀dà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí orúkọ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Torí náà a kọ lẹ́tà lọ́tọ̀ pé kí wọ́n má fi ibi tó ń gbé báyìí àti nọ́ńbà rẹ̀ tuntun sínú ẹ̀dà ẹnikẹ́ni.

Ní ti owó àti iye ọjọ́, òfin ibi kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ní ìpínlẹ̀ California, òfin ní kí ọlọ́pàá fún ẹni tí wọ́n ṣe lọ́ṣẹ́ nínú ilé ní ẹ̀dà ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, tàbí mẹ́wàá tí ìdí gúnmọ́ bá wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn lè lo òfin 2018 tó dáàbò bo àkọsílẹ̀ ara ẹni láti béèrè ohun tí ọlọ́pàá kọ nípa òun fúnra rẹ̀, oṣù kan ni wọ́n sì fún wọn láti dáhùn. Ní Nàìjíríà, òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí èèyàn, ti 2015, èyí tó wà fún Abuja, ní kí ọlọ́pàá ran ẹni tí wọ́n ṣe lọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ láti fi ẹ̀sùn sílẹ̀. Kí ẹ tó lọ sí kọ̀ǹtá, ẹ bi ẹni tó mọ òfin ibi tí ẹ wà, kí ẹ sì kọ orúkọ òfin náà sórí lẹ́tà yín.

Ìwé wá dé, ojú ewé méjì. Wọ́n ti fi tàdáwà dúdú bo orúkọ ọmọ àti nọ́ńbà fóònù, ìyẹn dára. Ibi tó ti yẹ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àbúrò, ìlà méjì péré ni. Ọ̀rọ̀ ọkọ gba ìlà mọ́kànlá. Ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá ògbufọ̀ wà, wọ́n fa ìlà sí i. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi rọ́pò “fún” ni ọ̀rọ̀ téèyàn lè lò tó bá di ọmọdé mú kó má baà sáré sọ́nà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, fífún èèyàn lọ́rùn ti di ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró láyè ara rẹ̀ láti oṣù kẹfà 2022, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún sì lè tìdí rẹ̀ yọ. Ṣàṣà ni adájọ́ tó máa sọ ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n torí pé wọ́n kọ ọ́ pé ó di ọrùn mú.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní, “Àǹtí, ṣé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?” Mo ní rárá. Ó ní, “Àbí mi ò sọ ọ́ dáadáa ni?” Mo ní ó sọ ọ́ dáadáa.

Ọlọ́pàá kì í pa ohun tó ti kọ rẹ́, a ò sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa á rẹ́. Ohun tí a béèrè ni kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n so ó mọ́ ìròyìn àkọ́kọ́ lábẹ́ nọ́ńbà kan náà, kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ọ̀kan lè rí èkejì. A kọ lẹ́tà sí ọ̀gá tí a rí lọ́jọ́sí. A sọ ohun mẹ́ta: pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló túmọ̀, pé ìwé dókítà tako “kò sí ọgbẹ́”, pé a fẹ́ ògbufọ̀ tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi dáhùn.

Kí ọjọ́ náà tó pé, a jókòó, ó sọ ìtàn náà fún mi ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì kọ ọ́ bó ṣe ń jáde. Kò rántí aago. Mo ní kó má ṣe dá aago sílẹ̀, kó so ó mọ́ ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Ó ní ìròyìn alẹ́ ti parí lórí rédíò, ọmọ sì ti sùn. Ìyẹn tó. Ó tún fẹ́ fi kún un pé ọkọ fi bẹ́líìtì nà án. Mo ní, “Ṣé lóru yẹn ni?” Ó ronú. Ó ní rárá, ní bí oṣù méjì ṣáájú ni. A kọ ìyẹn sọ́tọ̀, pẹ̀lú oṣù tirẹ̀. Òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n tó bá pò wọ́n pọ̀, lọ́yà ọkọ á fi ọ̀kan fọ́ èkejì, wọ́n á sì pè é ní òpùrọ́ lórí ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Obìnrin ni ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì, yàrá kékeré kan ni, ìlẹ̀kùn tì. Ògbufọ̀ jẹ́ ọkùnrin àgbàlagbà, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi ọ̀rọ̀ yẹn, ó dákẹ́. Ó ṣàlàyé fún ọlọ́pàá pé ọ̀rọ̀ tí obìnrin yìí lò, òun fẹ́ rí i dájú kí òun tó túmọ̀ rẹ̀. Ó wá yíjú sí i, ó ní, “Ẹ má bínú o, ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe fún un?” Àbúrò ò dáhùn. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a pọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un bí ẹni ń fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi. Ó fún un títí iṣan ọwọ́ rẹ̀ fi yọ, títí aṣọ náà kò fi lè yí mọ́. Ó ní, “Báyìí. Ó sì ń wo ojú mi.”

Ọlọ́pàá náà gbé báírò sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́, ó kọ ohun tó fi gèlè ṣe pẹ̀lú. Ó béèrè bóyá ó lè mí nígbà náà, bóyá ó gbọ́ ohùn, bóyá ọkọ sọ nǹkan kan. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi í lóru ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ìdáhùn wọn sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fẹ́ kó fọwọ́ sí i. Mo ní kí ògbufọ̀ kà á padà fún un ní Yorùbá tán ná. Ó gba ogójì ìṣẹ́jú. Ó tún ibi méjì ṣe: wọ́n kọ ọwọ́ òsì sí ibi tó ti sọ ọ̀tún, wọ́n sì kọ “ọmọ rẹ̀ obìnrin”, ọkùnrin sì ni. Ó fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, ó sì fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú gba èyí lọ́wọ́ yín, bí ilẹ̀ tilẹ̀ ti ń ṣú.

Ohun kan ṣì kù, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ohùn tó fi pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Wọ́n máa ń gba ìpè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í tọ́jú rẹ̀ títí láé, wọ́n á pa á rẹ́ tí àkókò rẹ̀ bá tó. Lẹ́tà lọ́tọ̀ ni a kọ pé kí wọ́n má pa á rẹ́, nítorí ó máa dé kóòtù. Ká ní mo lè padà sẹ́yìn, ọjọ́ Túsìdé àkọ́kọ́ ni ǹ bá ti kọ lẹ́tà yẹn. Wọ́n fún wa. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré. Ohùn obìnrin tó há bí ẹni tí eegun há lọ́fun, ọmọ tó ń pe ìyá rẹ̀, àti ọwọ́ tó ń lu pákó. Kò sí ògbufọ̀ kankan láàárín wọn.

Adájọ́ tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fún àṣẹ ìdáàbòbò ka ìròyìn méjèèjì. Lọ́yà ọkọ gbé àkọ́kọ́ sókè, ó ní ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé kò sí ọgbẹ́. Adájọ́ bi í léèrè ta ló ṣe ògbufọ̀ lóru ọjọ́ náà. Lọ́yà wo ìwé rẹ̀, ó ní òun ò rí i níbẹ̀. Adájọ́ ní kó ṣí ìkejì. Wọ́n fún àbúrò ní àṣẹ náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọkọ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, kò sì gbọdọ̀ pè é. Ẹjọ́ fífún un lọ́rùn ṣì wà ní kóòtù mìíràn bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Ẹ̀dà mẹ́ta ló wà: ọ̀kan lọ́wọ́ wa, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀kan níbi tó ń gbé. Nọ́ńbà ìròyìn náà, òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n sórí. Ní oṣù tó kọjá ọkọ wá dúró sí iwájú ilé tuntun náà, ó ń pe orúkọ ọmọ. Àbúrò tẹ nọ́ńbà pàjáwìrì, ó sọ ibi tó wà, ó ka nọ́ńbà ìròyìn àti ti àṣẹ kóòtù láì wo ìwé, ó sì ní òun fẹ́ ògbufọ̀ Yorùbá. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, ọ̀kan mú ọkùnrin náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Èkejì kan ìlẹ̀kùn, ó wọlé, ó tì í lẹ́yìn ara rẹ̀, ó fi fóònù tí ògbufọ̀ wà lórí rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì ní kí àbúrò kọ́kọ́ sọ tirẹ̀.